Ọdún Mẹ́ta Tí Mo Ti Ń Ra Ìwé Ìròyìn Ìlú Wa Nítorí Tíìmù Yunifásítì: Ṣé Ó Tó Owó Mi?

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ kan ti wà lọ́kàn mi tipẹ́ tí mo fẹ́ bá yín sọ, ó dá lórí nǹkan tí mo ti ń fi owó ara mi san fún ọdún mẹ́ta báyìí tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ò yéé béèrè pé kí ni mò ń fi ṣe. Ìwé ìròyìn ìlú tí mò ń gbé níbí l'Amẹ́ríkà ni, abala eré ìdárayá ẹ̀ gan-an ni mo torí ẹ̀ ń rà á. Ìlú wa ò tóbi rárá, yunifásítì ló ń gbé e ró, tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀ kò tún sí ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu àwọn èèyàn, láti ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀ títí dé ọ̀dọ̀ dókítà eyín. Èmi náà ti wọ inú ẹ̀ pátápátá, iṣẹ́ ló gbé mi dé ibí, tíìmù yẹn ló jẹ́ kí ara mi balẹ̀ níbẹ̀. N ò ní dárúkọ ìwé ìròyìn náà o, torí mo ní ẹ̀sùn sí wọn tí màá sọ tó bá yá, mi ò sì fẹ́ ba iṣẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ́. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ni bóyá ó yẹ kí olólùfẹ́ tíìmù kọ́lẹ́ẹ̀jì náwó lórí irú ẹ̀, ìdáhùn mi sì ni pé ó yẹ, ó tiẹ̀ yẹ gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn nǹkan kan wà níbẹ̀ tó ń dùn mí.

Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ rèé. Oṣù kẹrin ni, sáà básíkẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, point guard wa, ẹni tó ń darí bọ́ọ̀lù fún tíìmù, tó jẹ́ pé òun gan-an ni ọkàn tíìmù yẹn, a ò gbúròó ẹ̀ mọ́. Kò sọ̀rọ̀, kò fi fọ́tò kankan sórí Instagram, a ò sì rí i níbi ayẹyẹ ìparí sáà. Háà, ẹ wá wo irọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì! Ní alẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo wọ́n ti gbé ọmọ yìí lọ sí yunifásítì mẹ́ta, ẹnì kan ní ó ti wọ transfer portal, ibi tí eléré tó bá fẹ́ lọ yunifásítì míì ti ń forúkọ sílẹ̀, ẹlòmíì ní wọ́n ti fún un ní mílíọ̀nù dọ́là méjì níbì kan, ẹlòmíì tún ní òun àti kóòṣì ló jà, wọ́n-ní-wọ́n-ní ni gbogbo ẹ̀, kò sí ẹnì kankan tó lè sọ pé òun fojú ara òun rí nǹkan kan. Mo ń tẹ fóònù títí aago kan òru fi kọjá. Ọjọ́ kejì ni ìyàwó mi fi ìwé ìròyìn ìlú hàn mí, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló fi ránṣẹ́ sí i. Akọ̀ròyìn tó ń tẹ̀lé tíìmù wa ti pe ìyá ọmọ náà, ó ti pe kóòṣì tó kọ́ ọ nígbà tó wà ní high school, ó sì ti bá ọmọ náà fúnra ẹ̀ sọ̀rọ̀: orúnkún ẹ̀ ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún, kò lọ síbì kankan, ilé ìyá ẹ̀ ló wà tó ń sinmi. Gbogbo ìròyìn yẹn ò ju ìpínrọ̀ mẹ́rin lọ, òun náà ló sì pa gbogbo irọ́ alẹ́ yẹn. Mo sanwó lọ́jọ́ yẹn gan-an, dọ́là kan ni wọ́n ń gbà fún oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́.

Ẹni tí ò bá tẹ̀lé eré kọ́lẹ́ẹ̀jì lè máa rò pé kí ló le níbẹ̀. Ó le o. Látijọ́, ọmọ tó bá wọ yunifásítì, ó máa ń lo ọdún mẹ́rin níbẹ̀, àwọn alátìlẹyìn á mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ ọmọ àbúrò wọn. Láti 2018 tí transfer portal ti dé, pàápàá láti 2021 tí wọ́n ti gbà kí ọmọ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ míì láìjókòó sílẹ̀ fún ọdún kan, gbogbo ẹ̀ ti yí padà. Ọdún 2021 yẹn náà, ọjọ́ kìíní oṣù keje, ni wọ́n gbà kí àwọn eléré máa gba owó lórí orúkọ àti àwòrán wọn, ohun tí wọ́n ń pè ní NIL. Nígbà tó wá di oṣù keje 2025, àwọn ilé ẹ̀kọ́ fúnra wọn lè máa sanwó fún eléré, fún ọdún àkọ́kọ́ yẹn yunifásítì kan lè san tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 20.5 dọ́là. Torí náà tí sáà tuntun bá bẹ̀rẹ̀, ẹ lè dé pápá kẹ́ ẹ rí i pé nínú àwọn márùn-ún tó kọ́kọ́ jáde, ẹ ò mọ mẹ́rin rí. Ta ló máa wá sọ fún yín pé eléyìí, ìyá àgbà ló tọ́ ọ dàgbà, ó ti gba yunifásítì mẹ́ta kọjá, ọwọ́ òsì ló fi ń ju bọ́ọ̀lù, ọgbẹ́ kan wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀ tí kò tíì jinná? Tẹlifíṣọ̀n ò ráyè ìyẹn. Akọ̀ròyìn ìlú ló ráyè ẹ̀, torí òun àti wọn ló jọ ń rí ara wọn lójoojúmọ́.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe pọ̀ tó. Yunifásítì tó wà ní Division I, ìpele tó ga jù, fún básíkẹ́ẹ̀tì lé ní 350. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń sọ̀rọ̀ eré fún gbogbo Amẹ́ríkà, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ mọ gbogbo wọn, àwọn díẹ̀ tó lórúkọ ni wọ́n ń pòòyì lé lórí. Tí tíìmù yín ò bá sí lára wọn, ọjọ́ tí wọ́n máa dárúkọ yín ni ọjọ́ tẹ́ ẹ bá na ẹni ńlá tàbí ọjọ́ tí nǹkan ìtìjú bá ṣẹlẹ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí wa rí, a na tíìmù kan tó jù wá lọ ní gbogbo ọ̀nà, lórí tẹlifíṣọ̀n alẹ́ yẹn wọ́n fi gbogbo àkókò sọ ìdí tí àwọn yẹn fi pàdánù, bí ẹni pé àwa ò sí nínú pápá. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìwé ìròyìn ìlú fi odindi ojú ewé mẹ́ta sọ bí a ṣe borí, ta ló gbá ta mú, ìgbà wo ni kóòṣì yí ètò padà sí zone, kí kálukú máa ṣọ́ àyè tiẹ̀, kí ló sọ fún àwọn ọmọ nígbà ìsinmi. Mo jókòó sídìí tábìlì ilé ìdáná pẹ̀lú tíì mi, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Kẹ́ ẹ má sì gbàgbé pé ìdìbò ilé iṣẹ́ ìròyìn Associated Press tó ń to àwọn 25 tó dáa jù, tó ti wà fún bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà láti 1936, àwọn akọ̀ròyìn àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ bíi 60 ló ń dìbò níbẹ̀, lára wọn sì ni àwọn tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti máa tẹ̀lé tíìmù ìlú wọn. Tí ìwé ìròyìn ìlú kan bá kú, ẹnì kan tó ń fojú ara ẹ̀ wo àwọn tíìmù bíi tiwa ti dín kù nídìí ìdìbò yẹn.

Ṣùgbọ́n nǹkan tí mo fẹ́ràn jù, kì í ṣe ìròyìn ọjọ́ eré. Ìròyìn ọjọ́ Tuesday ni, ọjọ́ tí kò sí kámẹ́rà kankan. Ẹ jẹ́ n fún yín ní ọ̀kan. Sẹ́ńtà wa, ọmọ gíga kan báyìí, free throw, bọ́ọ̀lù ọ̀fẹ́ tí wọ́n ń jù tí wọ́n bá ti ṣẹ eléré, ni ọ̀tá ẹ̀. Tó bá ti dé orí ìlà, gbogbo wa á dákẹ́, ẹlòmíì á bo ojú. Bó ṣe di oṣù kìíní ló ṣàdéédé bẹ̀rẹ̀ sí í jù wọ́n wọlé, mo sì ń wo gbogbo eré o, n ò rí ohun tó yí padà. Akọ̀ròyìn yẹn rí i. Ó kọ ọ́ pé tẹ́lẹ̀ ọmọ yìí máa ń ta bọ́ọ̀lù mọ́lẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó jù ú, ṣùgbọ́n báyìí ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, á mí kanlẹ̀, á wo ẹ̀yìn irin, á jù ú. Igbákejì kóòṣì kan ló ṣàkíyèsí pé àárín ìgbà tó ń ta á lẹ́ẹ̀mẹ́ta yẹn ni ẹ̀rù ń ráyè wọlé sí i lára, ó ní kó dín in kù kí ẹ̀rù má bàa rí àyè. Ó tún kọ ọ́ pé lẹ́yìn ìgbáradì, nígbà tí àwọn yòókù bá ti lọ wẹ̀, ọmọ yẹn á dúró síbẹ̀ á máa jù ú nìkan, ọmọ ilé ìwé kan tó ń bá wọn gbé omi láá máa he bọ́ọ̀lù fún un. Eré tó tẹ̀lé e, mo wà ní pápá, wọ́n gbá a mú, ó dé orí ìlà, mi ò wo irin rárá, ọwọ́ ẹ̀ ni mò ń wò. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó mí. Ó wọlé. Mo fò sókè, bàbá òyìnbó tó máa ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi náà fò sókè, ó ní "ìwọ náà kà á, àbí?" Bàbá yìí ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì sáà láti ìgbà tí irun orí ẹ̀ ṣì dúdú, ó ń gé ìròyìn eré pa mọ́ sínú páálí. Láti ọjọ́ yẹn la ti di ọ̀rẹ́, tá a bá ti pàdé, ohun tí akọ̀ròyìn yẹn kọ lọ́sẹ̀ yẹn la kọ́kọ́ máa ń sọ.

Ẹ wá jẹ́ n sọ èyí tó wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ọmọ kan wọlé sí tíìmù wa, Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ni bàbá àti ìyá ẹ̀, orúkọ ẹ̀ sì gùn bí orúkọ wa ṣe máa ń gùn. Ẹ gbọ́ bí àwọn tó ń sọ eré lórí afẹ́fẹ́ ṣe ń pe orúkọ yẹn, lónìí báyìí, lọ́la báyìí, títí ẹnì kan fi ní kí wọ́n kúkú máa fi lẹ́tà àkọ́kọ́ pè é. Ó dùn mí dé egungun. Akọ̀ròyìn ìlú wa ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lọ bá ìyá ọmọ náà níbi tí wọ́n jókòó sí, ó ní "ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ pè é fún mi", ó gbà á sórí fóònù, ó tún ní kí wọ́n pè é lẹ́ẹ̀kan sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ìròyìn jáde, ó kọ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ náà, ó kọ ìtumọ̀ ẹ̀, ó kọ ìdí tí bàbá àgbà fi sọ ọmọ ní orúkọ yẹn, ó sì fi àmì sábẹ́ ẹ àti ọ, nínú ìwé ìròyìn òyìnbó! Mo tún ojú mi nù kí n tó gbà pé àmì ni. Bí ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ẹ̀, ẹni tó ń gbé máìkì ní pápá wa ti ń pe orúkọ náà bó ṣe yẹ. Mo pàdé ìyá ọmọ náà níbi tá a ti ń ra omi, mo dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ kí wọn bí a ṣe ń kí àgbà, mo ní "ẹ kú oríire mà, orúkọ yẹn ti dé ojú ẹ̀", wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mẹ́wàá ni àwọn rà nínú ìwé ìròyìn yẹn, wọ́n ti fi ọ̀kan ránṣẹ́ sílé sí ìyá wọn, wọ́n ní mama ti gbé e kọ́ ara ògiri.

Ìyẹn ló tún mú mi rántí Hakeem Olajuwon. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n, ọmọ Èkó tó dé yunifásítì Houston ní 1980, tó bá wọn dé Final Four, ìpele tí tíìmù mẹ́rin péré ṣẹ́ kù nínú ìdíje básíkẹ́ẹ̀tì yunifásítì, lẹ́ẹ̀mẹ́ta léra wọn, 1982, 1983 àti 1984. Gbogbo ọdún yẹn, "Akeem" ni àwọn ìwé ìròyìn ń kọ, ó di 1991 kó tó fúnra ẹ̀ sọ pé H wà níbẹ̀, kí wọ́n dá a padà. Ẹ wò ó, ọdún mẹ́wàá ó lé! Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn ìlú Houston náà ló tún ṣe ohun tó dáa fún tíìmù yẹn. Ní oṣù kìíní 1983, Thomas Bonk tó ń kọ̀wé fún Houston Post ló fún wọn lórúkọ Phi Slama Jama torí bí wọ́n ṣe ń ki bọ́ọ̀lù bọ inú agbọ̀n, orúkọ yẹn sì gba gbogbo Amẹ́ríkà kan, títí di òní ẹni tí wọn ò tíì bí nígbà yẹn mọ̀ ọ́n. Ilé iṣẹ́ ńlá kọ́ ló sọ wọ́n lórúkọ, ẹni tó ń gbé ìlú kan náà pẹ̀lú wọn ni. Ọdún yẹn ni North Carolina State fi 54 sí 52 gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́, síbẹ̀ Olajuwon ni wọ́n mú ní eléré tó ta yọ jù nínú Final Four, kò sì tíì sí ẹlòmíì láti ìgbà yẹn tó gba àmì ẹ̀yẹ yẹn nígbà tí tíìmù ẹ̀ pàdánù. Houston Post wá kógbá sílé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 1995. Ó máa ń ká mi lára tí mo bá rántí pé ilé tí orúkọ yẹn ti jáde ò sí mọ́.

Ohun kan tún wà tí ọ̀pọ̀ olólùfẹ́ tíìmù ò fẹ́ gbọ́, èmi fẹ́ gbọ́ ọ. Ìwé ìròyìn ìlú náà ló ń sọ ohun tó bàjẹ́. Ní oṣù kẹta 1999, ó ku ọ̀la kí tíìmù básíkẹ́ẹ̀tì yunifásítì Minnesota gbá eré àkọ́kọ́ wọn nínú ìdíje NCAA, àjọ tó ń darí eré yunifásítì, ìwé ìròyìn St. Paul Pioneer Press gbé e jáde pé obìnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì níbẹ̀ ló ń bá àwọn eléré kọ iṣẹ́ ilé ìwé wọn, ó lé ní 400 iṣẹ́, ó kéré tán fún ọmọ 20. Àwọn èèyàn bínú gan-an, sí ìwé ìròyìn o, gómìnà ìpínlẹ̀ yẹn Jesse Ventura pàápàá bínú sí wọn, wọ́n ní ṣé ọ̀sẹ̀ yìí ló yẹ kí wọ́n gbé e jáde. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Kóòṣì Clem Haskins kúrò níbẹ̀ lọ́dún yẹn, wọ́n fagi lé Final Four tí wọ́n dé ní 1997, George Dohrmann tó kọ ìròyìn náà sì gba Pulitzer, àmì ẹ̀yẹ ńlá fún àwọn akọ̀ròyìn, ní 2000. Ní Pennsylvania náà, Sara Ganim tó ń ṣiṣẹ́ fún The Patriot-News ti Harrisburg ti kọ ọ́ ní oṣù kẹta 2011 pé ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ ń wádìí Jerry Sandusky tó ti jẹ́ kóòṣì ní Penn State lórí ẹ̀sùn ìbálòpọ̀ pẹ̀lú ọmọdé, oṣù méje kí wọ́n tó mú Sandusky, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni Ganim nígbà tó gba Pulitzer tiẹ̀. Ẹ ronú sí i, àwọn ọmọdé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹni tó bá sọ pé òun fẹ́ràn yunifásítì òun tí kò sì fẹ́ kí ẹnì kankan máa wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, n ò mọ irú ìfẹ́ tí ìyẹn jẹ́.

Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀. Yunifásítì ìjọba ni tiwa, torí náà ìwé àdéhùn kóòṣì jẹ́ nǹkan tí òfin gbà kí ará ìlú béèrè. Ta ló máa béèrè ẹ̀? Èmi tí mò ń lọ síbi iṣẹ́ láago méje? Nígbà tí Texas A&M lé Jimbo Fisher, kóòṣì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà wọn, ní oṣù kọkànlá 2023, owó tí wọ́n ṣì jẹ ẹ́ lé ní mílíọ̀nù 75 dọ́là, gbogbo ayé gbọ́ ìyẹn torí ó pọ̀. Àdéhùn kóòṣì tiwa ò lè dé tẹlifíṣọ̀n láéláé, ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn wa béèrè fún un, wọ́n kà á, wọ́n túmọ̀ ẹ̀ fún wa lọ́rọ̀ tó yé èèyàn, iye tí a máa san tí a bá lé e lónìí, iye tí a máa san tó bá di ọdún tó ń bọ̀. Mo wá lóye ìdí tí wọn ò fi tíì lé e.

Ti àwọn obìnrin ńkọ́? Ibí ni mo ti gbóríyìn fún wọn tí mo tún bínú sí wọn. Gbogbo ayé gbọ́ nípa Caitlin Clark, agbábásíkẹ́ẹ̀tì yunifásítì Iowa, nígbà tó fọ́ àkọsílẹ̀ NCAA fún àwọn obìnrin nínú iye àmì ayò tí ẹnì kan jẹ ní oṣù kejì 2024, ṣùgbọ́n àwọn ará Iowa ti ń ka ìròyìn ẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ìlú wọn láti ìgbà tó ti wà ní high school ní West Des Moines, kò ṣàjèjì sí wọn rárá. Tiwa náà, wọ́n máa ń rán ẹnì kan lọ sí gbogbo eré tí àwọn obìnrin bá gbá nílé, mo sì mọ orúkọ gbogbo àwọn ọmọ yẹn nítorí ẹ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti jáde ìlú, ìwé ìròyìn ò ní bá wọn lọ, èsì lásán la máa rí, ìlà méjì. Lọ́dún tó kọjá wọ́n lọ borí nílé ẹni tí a ò tíì nà rí, ìlà méjì náà la rí. Ìyẹn ò dáa.

Ẹ jẹ́ n kúkú tú ẹ̀sùn yòókù sílẹ̀. Àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n ń tẹ̀ sórí bébà. Ìlú míì tó jìnnà ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ báyìí, torí náà wọ́n gbọ́dọ̀ ti parí gbogbo ẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú, tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́jọ alẹ́, kò ní sí nínú bébà ọjọ́ kejì, ọ̀tunla ni ẹ máa rí i, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti tutù. Bàbá òyìnbó mi tó ń gé ìwé yẹn, ó ń dùn ún ju bó ṣe ń dùn mí lọ, torí òun ò fẹ́ràn ti orí fóònù. Ìkejì ni owó. Dọ́là kan tí mo sọ yẹn, lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó di dọ́là 16 lóṣù, wọn ò pè mí, wọn ò kọ̀wé sí mi tí mo rí, báńkì ni mo ti rí i pé wọ́n ti yọ ọ́. Mo pè wọ́n láti fagi lé e, mo dúró lórí ìlà nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, nígbà tí ẹnì kan gbé e tó gbọ́ pé mo fẹ́ lọ, kíá ló ní òun á dá a padà sí dọ́là 6. Mo gbà, ṣùgbọ́n kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá jẹ́ oníbàárà gidi kò yẹ kó kọ́kọ́ bínú kí wọ́n tó ṣe dáadáa sí i. Ìkẹta, áàpù wọn lọ́ra, ó máa ń lé mi síta, màá tún tẹ pásíwọ́ọ̀dù, ìpolówó á bo gbogbo ojú fóònù ní àárín gbólóhùn.

Èyí tó dùn mí jù kì í ṣe ẹ̀bi ẹni tó ń kọ̀wé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, àwọn mẹ́ta ló ń kọ ìròyìn tíìmù yunifásítì wa, ọ̀kan fún bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, ọ̀kan fún básíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan fún àwọn eré yòókù. Ó ti ku ẹyọ kan. Ẹyọ kan yẹn ló ń ṣe gbogbo ẹ̀, ẹ lè rí i nínú ìwé ẹ̀ nígbà míì pé ó ti rẹ̀ ẹ́, èyí tí wọ́n fi ń dí àyè yòókù jẹ́ ìròyìn láti ìlú míì tí kò kàn wá. Kì í ṣe ìlú wa nìkan. The New York Times fúnra wọn tú ẹ̀ka eré ìdárayá wọn ká ní oṣù kẹsàn-án 2023, wọ́n gbé iṣẹ́ yẹn fún The Athletic tí wọ́n ti fi mílíọ̀nù 550 dọ́là rà lọ́dún 2022. Tí ẹni ńlá bá lè ṣe bẹ́ẹ̀, kí ni ti ìlú kékeré?

Àwọn kan máa ní kí ni mò ń wá kiri, ṣé yunifásítì fúnra wọn ò ní website ni, tí fídíò wà níbẹ̀, tí fọ́tò wọn dáa, tí kò sì sí owó kankan? Mo ń wò ó. Ó dáa fún ìgbà tí eré máa bẹ̀rẹ̀ àti fún fọ́tò. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń sanwó fún ẹni tó ń kọ ọ́ náà ló ni tíìmù, ẹ ò ní ka á níbẹ̀ láéláé pé àwọn ọmọ ń bá kóòṣì jà tàbí pé ètò kan ò ṣiṣẹ́. Ìwé ìròyìn àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni kẹ́ ẹ kà pẹ̀lú, ọ̀fẹ́ ni lọ́pọ̀ ibi, àwọn ọmọ yẹn sì ń gbìyànjú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe The Daily Northwestern ló gbé ìròyìn ìfìyàjẹni inú tíìmù bọ́ọ̀lù wọn jáde ní oṣù keje 2023, ọjọ́ méjì lẹ́yìn ẹ̀ wọ́n ti lé kóòṣì àgbà.

Tí mo bá fẹ́ fún tiwa ní máàkì, ohun tí wọ́n kọ, 9 nínú 10. Bí wọ́n ṣe ń tà á fún wa, 4. Ẹni tó kàn fẹ́ mọ èsì eré, kó má wulẹ̀ náwó, fóònù á sọ fún un. Ẹni tó bá ń lọ sí pápá, tó mọ nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ẹ̀wù àwọn ọmọ, tó ń rò ó nídìí iṣẹ́ pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ ẹni tí kò wọlé ní second half, kó lọ rà á. Ẹ dúró di oṣù kẹjọ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń dín owó kù, kẹ́ ẹ kọ ọjọ́ tí owó kékeré yẹn máa parí sórí kàlẹ́ńdà, kẹ́ ẹ pè wọ́n kó tó pé. Tẹ́ ẹ bá sì ka nǹkan tó dáa, ẹ kọ̀wé sí akọ̀ròyìn náà, àdírẹ́sì ímeèlì ẹ̀ máa ń wà nísàlẹ̀ ìròyìn. Mo kọ̀wé sí tiwa lẹ́yìn ọ̀rọ̀ orúkọ yẹn, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fún àmì tó fi sí i. Ó dá mi lóhùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó ní ẹ́dítọ̀ òun kọ́kọ́ ní ẹ̀rọ àwọn ò ní gbà á, àwọn fi ọ̀sán gbogbo wá bí wọ́n á ṣe tẹ̀ ẹ́, ó wá béèrè lọ́wọ́ mi bóyá àmì kan ṣì kù lórí i, torí ó fẹ́ kọ ọ́ dáadáa sí i nínú ìròyìn Saturday. Ó kù, lóòótọ́. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i, ní Saturday ó ti wà níbẹ̀.